Bí Ovidio Ṣe Gé Ìṣísẹ̀ Bàálù Rẹ̀ Kúrú

Àárẹ̀ tó mú Ovidio Giordanengo kì í ṣe àárẹ̀ òní, kì í ṣe ti àná. Àárẹ̀ ọlọ́jọ́ pípẹ́ ni, èyí tó wọ inú eegun, tó tẹ́ ẹní síbẹ̀, tó sì ń pe ara rẹ̀ ní onílé. Láti ìgbà tó ti wà ní géńdé ló ti ń tún ẹ̀rọ ìkórè àwọn àgbẹ̀ Colonia Ombú Seco ṣe. Bí àlìkámà bá gbó, wọn a ránṣẹ́ pè é. Bí ẹ̀wà sóyà bá gbẹ, wọn a tún ránṣẹ́ pè é. Abẹ́ ẹ̀rọ ló ń sùn, abẹ́ ẹ̀rọ ló ń jí, òróró dúdú ló sì ń fi para bí ẹni ń fi àdí para. Nígbà tí eékún rẹ̀ méjèèjì wá ń ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo, ó kó irinṣẹ́ rẹ̀ wọlé, ó ní ó tó gẹ́ẹ́.

Ṣùgbọ́n ó ku iṣẹ́ kan. Nínú àká ńlá tó wà lẹ́yìn ilé, níbi tó yẹ kí ọkọ̀ wọn máa sùn, bàálù kan ló wà níbẹ̀. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kàn án, lọ́jọ́ Àìkú àti lọ́jọ́ òjò, láti ìgbà tí Graciela, ọmọ wọn kan ṣoṣo, ti ń lọ sílé ìwé títí Graciela fi di ìyá ọmọ ní Buenos Aires. Bàálù kékeré ni, igi àti aṣọ tí a fi ọ̀dà le, ìjókòó méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ti òsì ni ti Ovidio. Ti ọ̀tún ni ti Elvecia ìyàwó rẹ̀, kì í sì í ṣe ẹnu lásán ni wọ́n fi ń sọ pé tirẹ̀ ni. Eegun ẹ̀yìn Elvecia ti wọ́, bí igi tí ìjì tẹ̀ tí kò jẹ́ kó dìde mọ́. Nígbà tí Ovidio fẹ́ ṣe ìjókòó yẹn, ó po ẹfun sínú àpò, ó ní kí ìyàwó òun jókòó lé e títí yóò fi le, ó sì gbẹ́ igi bá ibi tí ara rẹ̀ tẹ̀ sí. Kò tún sí àga kan láyé tó gba Elvecia mọ́ra bẹ́ẹ̀. Kí bàálù náà tó ní ìyẹ́ rárá ni obìnrin yìí ti ń lọ jókòó sínú rẹ̀, tí yóò máa bó ẹ̀wà, tí yóò máa fa mate, ewé tí wọ́n ń fi omi gbígbóná pò mu bíi tíì, nínú igbá kékeré, tí ọkọ rẹ̀ yóò máa kan ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Nítorí Isolina ni wọ́n ṣe ń kan bàálù náà. Isolina ni ẹ̀gbọ́n Elvecia, ìyá kan náà ló bí wọn, òdìkejì odò Paraná ló ń gbé, lábúlé tí wọ́n ń pè ní Puerto Ceibal. Bí ẹyẹ bá ń fò lọ síbẹ̀, kò jìnnà. Ṣùgbọ́n èèyàn kì í ṣe ẹyẹ. Bọ́ọ̀sì kan á gbé ọ dé ìlú ńlá, òmíràn á gbé ọ kọjá odò, òmíràn tún wà tí yóò máa jù ọ́ sókè sódò lójú ọ̀nà eléruku títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ìgbà tí Elvecia lọ kẹ́yìn, ilẹ̀ bọ́ọ̀sì ló dùbúlẹ̀ sí láàárín ẹsẹ̀ àwọn èèyàn, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà kò lọ mọ́. Isolina náà kò lè wá, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú, mímí sì ti ń ṣòro fún un. Orí tẹlifóònù ni wọ́n ti ń rí ara wọn lọ́jọ́ Àìkú.

"Ohùn rẹ̀ ń tínrín sí i," Elvecia a máa wí bó bá gbé tẹlifóònù sílẹ̀. "Bàbá, ìgbà wo?"

Ovidio a ní, "Ó kù díẹ̀, Ìyá."

Ó kù díẹ̀, ó kù díẹ̀. Ó kù díẹ̀ kì í tán lẹ́nu ẹni tó ń kan bàálù.

Ohun tó wá kù gan-an ni abẹ̀bẹ̀ igi tó máa ń yí nímú bàálù, tó ń fà á lọ. Àwọn ará ibẹ̀ a máa ní abẹ̀bẹ̀ náà ní ìṣísẹ̀, bí èèyàn. Bí a bá gbẹ́ apá rẹ̀ kó fì púpọ̀, òkèlè ńlá ló ń bù nínú afẹ́fẹ́, ìgbà kọ̀ọ̀kan tó bá yí á gbé bàálù jìnnà. Ìṣísẹ̀ gígùn nìyẹn. Bí a bá gbẹ́ ẹ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú, díẹ̀díẹ̀ ló ń bù ú jẹ. Ìṣísẹ̀ kúkúrú nìyẹn. Ta wá ni kò mọ̀ pé ẹni tí kò ru nǹkan kan, tó wà lójú ọ̀nà tó tẹ́, á máa la ẹsẹ̀ gbàràgàdà? Ẹni tó ru ẹrù, tó ń gun òkè, ẹsẹ̀ kéékèèké ni yóò máa gbé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun àti ẹrù á jọ wó lulẹ̀ ni. Bí abẹ̀bẹ̀ ṣe rí náà nìyẹn. Èyí tó ń sáré kì í lè gbé ẹrù, èyí tó ń gbé ẹrù kì í sáré. Ọlọ́run kò fi méjèèjì sínú igi kan.

Ovidio mọ èyí bó ṣe mọ orúkọ ara rẹ̀. Kí ló wá dé tó fi gbẹ́ ìṣísẹ̀ gígùn?

Ẹnu Rómulo ni. Rómulo ni wọ́n ń pè ní Ọ̀rọ̀bọ̀ ní pápá bàálù ìlú wọn, torí ikùn rẹ̀ a máa ṣáájú rẹ̀ wọlé. Òun náà fọwọ́ ara rẹ̀ kan bàálù, ti páànù, ó sì ń fò fìrì bí àṣá. Lọ́dọọdún, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ń parí lọ, gbogbo àwọn tó ń kan bàálù fúnra wọn nílẹ̀ yẹn a máa pàdé níbi kan, wọn a sun ẹran, wọn a sì fi aago wọn bí bàálù kọ̀ọ̀kan ṣe ń sáré tó. Kí èèyàn tó sọ̀ kalẹ̀ tán, kí wọ́n tó kí i pàápàá, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọn a kọ́kọ́ bi í: "Kìlómítà mélòó?"

Bí Rómulo bá sì ti rí Ovidio, á bẹ̀rẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n Ovidio, ṣé bàálù lẹ̀ ń kàn ni, àbí ẹ̀rọ ìkórè? Ẹ jọ̀ọ́, bẹ́ ẹ bá gbé e sókè, kẹ́ ẹ má lọ dúró kórè àlìkámà àwọn aráàlú lójú ọ̀nà o!"

Àwọn èèyàn a rẹ́rìn-ín. Ovidio náà a rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín tí èèyàn ń rín láàárín ẹgbẹ́, ó máa ń tẹ̀ lé e délé ni. Bí ó ti fi ìfági fá igi abẹ̀bẹ̀ nù-un, tó sọ ọ́ di ìṣísẹ̀ gígùn.

Ó ní láti dán an wò kó tó fò. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nìyí: wọn a so ìrù bàálù mọ́ òpó irin àgbá omi àtijọ́ tó wà lẹ́bàá pápá, wọn a fi òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ọmọ màlúù há àárín okùn, wọn a wá jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ké dé góńgó. Bí abẹ̀bẹ̀ bá wúwo jù fún ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì kò ní lè yí tó bó ṣe yẹ. Aago kan wà níwájú ìjókòó tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí tó. Ovidio ti fi ọ̀dà èékánná Elvecia fa ìlà pupa sójú dígí aago yẹn: bí abẹ́rẹ́ aago bá kan ìlà, abẹ̀bẹ̀ dára.

Wàyí o, àgbẹ̀ ni gbogbo ọkùnrin ibẹ̀, àgbẹ̀ kì í sì í rí àyè àfi bí oko bá tutù jù fún ẹ̀rọ. Ìgbà wo ni oko ń tutù? Lẹ́yìn ìjì. Kí ló máa ń tẹ̀ lé ìjì nílẹ̀ yẹn? Afẹ́fẹ́ gúúsù ni, èyí tí wọ́n ń pè ní pampero, tó tutù, tó gbẹ, tó ń fẹ́ tantan. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n so bàálù Ovidio mọ́lẹ̀. Àpò aṣọ tó ń fi ọ̀nà afẹ́fẹ́ hàn nà gbọọrọ lórí igi rẹ̀ bí apá ọlọ́pàá. Imú bàálù sì kọjú sí gúúsù, torí apá àríwá ni òpó tí wọ́n so ìrù rẹ̀ mọ́ wà. Ẹ́ńjìnnì ké, abẹ́rẹ́ gbéra, ó kan ìlà pupa tó! Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Rómulo ṣí fìlà.

"Ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu mi, ẹ̀gbọ́n," ló wí. "Bàálù rèé!"

Kò sẹ́ni tó rò ó pé afẹ́fẹ́ ń bá wọn yí abẹ̀bẹ̀ náà. Gbogbo wọn rí àpò aṣọ yẹn. Inú wọn ń dùn pé òjò ti dá ni.

Ovidio fò lóun nìkan ní gbogbo ìgbà òtútù yẹn. Afẹ́fẹ́ tútù nípọn, ó ń gbé nǹkan dáadáa, òun sì nìkan ló wà nínú ọkọ̀. Bàálù náà sáré. Lọ́jọ́ kan ó bá Rómulo fò ní ìfẹ̀gbẹ́kẹ̀gbẹ́, kò sì fi bẹ́ẹ̀ kù lẹ́yìn. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta kan tí nǹkan ti dùn mọ́ ọn nínú tó bẹ́ẹ̀. Bó bá délé, Elvecia a rí i lójú rẹ̀.

"Ó sáré?"

"Ó sáré, Ìyá."

"Ó dáa," Elvecia á ní. Á wá yí igbá mate lọ́wọ́. "Isolina ní kí n kí ọ."

Ooru dé. Ohùn Isolina di bíi ti ẹni tó ń pè láti ìsàlẹ̀ kànga. Ovidio ní ó ti tó àkókò, ṣùgbọ́n kò sí ọlọ́gbọ́n tó ń gbé ìyàwó rẹ̀ sínú ohun tí kò tíì dán wò. Ó wọn àpò irúgbìn àgbàdo kan títí ó fi wúwo tó Elvecia, ó gbé e sórí ìjókòó ọ̀tún, ó sì fi ìgbànú dè é. Àpò yẹn kò jókòó dáadáa. Ìdí rẹ̀ kò bá ìjókòó mu, ńṣe ló fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ọ̀mùtí.

Pápá yẹn náà ti kúrú sí i. Ẹni tó ni ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti ń fi ẹ̀rọ túlẹ̀ bọ̀ lọ́dọọdún, ó gbin sóyà dé ibi kejì nínú àwọn táyà funfun tí wọ́n fi sàmì sí ojú pápá, lẹ́yìn sóyà ni wáyà iná wà. Ọ̀sán gangan ni. Afẹ́fẹ́ kò mí. Ovidio jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ké dé góńgó, bàálù gbéra, ó ń lọ, ó ń lọ, ẹ́ńjìnnì ń kérora bí akọ màlúù tó ń fa igi nínú ẹrẹ̀. Táyà funfun àkọ́kọ́ kọjá. Kẹ̀kẹ́ ṣì wà nílẹ̀. Ó gbé e, ó fò díẹ̀ bí àgbébọ̀ adìẹ, ó tún balẹ̀. Wáyà ń bọ̀. Ovidio pa ẹ́ńjìnnì, bàálù sì wọ inú sóyà lọ ṣàràràrà, ó dúró.

Kò sí ohun tó fọ́. Ewé sóyà ló wé mọ́ kẹ̀kẹ́. Àwọn ọkùnrin sáré wá, Rómulo ṣáájú pẹ̀lú ikùn rẹ̀, ó ń mí hẹ̀ẹ̀hẹ̀ẹ̀. Nígbà tó rí i pé Ovidio wà láàyè, ọkàn rẹ̀ balẹ̀, àwàdà sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀:

"Àṣé màmá wa Elvecia ti sanra tó báyìí! Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní kó dín ẹran sísun kù!"

Kò mọ̀ pé Elvecia wà lẹ́nu géètì pápá, pẹ̀lú igò omi gbígbóná àti igbá mate lọ́wọ́. Ó ti rí gbogbo rẹ̀. Ó ń bọ̀ láàárín ewé sóyà, ó tẹ̀, ó ń rọra gbé ẹsẹ̀ títí ó fi dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó wo àpò àgbàdo tó ti wó sẹ́gbẹ̀ẹ́ lórí ìjókòó rẹ̀. Ó gbọn eruku ara àpò náà.

"Ẹ gbé mi sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́ o," ló sọ fáwọn ọkùnrin náà, bí ẹni pé òun ni àpò náà. "Ẹ̀yìn ń dùn mí."

Ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín, ó sì gbé ẹ̀rín náà mì. Rómulo ń wo bàtà ara rẹ̀.

Nílé, kò sẹ́ni tó tan rédíò. Elvecia se ọbẹ̀, Ovidio kò lè jẹ. Obìnrin náà jókòó, ó fi ìrọ̀rí há ẹ̀yìn.

"Bàbá, sọ òótọ́ fún mi. Nígbà tí ò ń gbẹ́ abẹ̀bẹ̀ yẹn, tó o bá rò ó lọ́kàn pé o wà lókè, ta ló jókòó lápá ọ̀tún?"

Ovidio wo ọwọ́ rẹ̀. Òróró ọjọ́un ṣì wà nínú ìlà àtẹ́lẹwọ́, kò ní kúrò mọ́ títí wọn yóò fi sin ín.

"Kò sẹ́nì kankan," ló wí.

"Mo mọ̀." Kò gbé ohùn sókè. "Mi ò bínú. Ó ti rẹ̀ mí kọjá ìbínú. Ìwọ pàápàá, ó ti rẹ̀ ọ́. Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni."

"Ìlà náà pé, Ìyá. Ìwọ náà gbọ́ nígbà tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Abẹ́rẹ́ kan ìlà."

"Jẹ́ ká tún lọ wò ó nígbà náà. Èmi ni màá wo abẹ́rẹ́."

Ilẹ̀ mọ́, àwọn méjèèjì ló lọ sí pápá, kò sí olùwòran. Ooru ti mú. Ovidio so ìrù mọ́ òpó àgbá omi, Elvecia gun orí ìjókòó rẹ̀ pẹ̀lú ìrora, ó gbé ẹ̀yìn síbi tí wọ́n gbẹ́ fún un. Ẹ́ńjìnnì ké.

"Ó débẹ̀?" Ovidio pariwo.

"Kò dé!"

"Wò ó dáadáa!"

"Ojú mi nìkan ló kù tí kò tíì bàjẹ́ lára mi, Bàbá! Mo ní kò dé! Ìka kan ló kù kó kan ọ̀dà mi!"

Ovidio pa ẹ́ńjìnnì. Gbogbo pápá dákẹ́. Ó gbójú sókè, ó rí àpò aṣọ afẹ́fẹ́ lórí igi rẹ̀, tó rọ̀ jọwọlọ bí ìbọ̀sẹ̀ tí wọ́n fọ̀ sá. Ó rántí bó ṣe nà gbọọrọ lọ́jọ́ tí wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó jókòó sórí kẹ̀kẹ́ bàálù.

"Afẹ́fẹ́ ló ń yí i fún wa," ló wí. "Àgbà bí èmi. Afẹ́fẹ́ ló ń ràn mí lọ́wọ́, mo ní agbára mi ni."

Elvecia na igbá mate sí i láti orí ìjókòó.

Ọ̀nà wo ló wá kù? Rómulo gbọ́, ó wá sí àká lọ́jọ́ kejì, ó gbé ẹran wá bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì láìsọ ọ́. "Ẹ gé orí abẹ̀bẹ̀ náà díẹ̀ lápá méjèèjì," ló wí. "Ẹ́ńjìnnì á yára, ìṣísẹ̀ yín á wà níbẹ̀, kìlómítà yín ò ní lọ."

"Ẹni tí wọ́n gé lọ́wọ́ kò lè di ẹrù mú," Ovidio fèsì.

"Ẹ dúró de ìgbà òtútù nígbà náà. Afẹ́fẹ́ tútù á gbé ẹ̀yin méjèèjì."

Elvecia wà nínú ìjókòó rẹ̀, ó ń bó ẹ̀wà. Kò gbójú sókè. "Òtútù tó ń bọ̀ yẹn," ló wí, "mi ò mọ̀ bóyá Isolina á bá a."

Ó wá ku ọ̀nà kan. Kí Ovidio mú ìfági, kó fá iwájú abẹ̀bẹ̀ náà títí ìfì rẹ̀ yóò fi dín, kó sọ ìṣísẹ̀ gígùn di kúkúrú. Ṣùgbọ́n igi tí a bá fá dànù kì í padà. Kò sì ní gbẹ́ abẹ̀bẹ̀ mìíràn mọ́ láyé rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n, ojú rẹ̀ ti ń rí ìlà kan ní méjì. Ohun tó bá jáde lábẹ́ ìfági yìí ni bàálù rẹ̀ yóò jẹ́ títí láé. Ìpàdé ọdọọdún sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ọdún yìí nìkan, nínú gbogbo ọdún tí Ọlọ́run dá, ni Ovidio lè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàálù ara rẹ̀, kí wọ́n bi í pé kìlómítà mélòó, kó sì ní ohun tí yóò sọ.

Ó tú abẹ̀bẹ̀ náà kúrò nímú bàálù. Ó gbé e sórí tábìlì iṣẹ́. Ó gbé ìfági lé e, ó sì gbé e kúrò. Ó lọ bu omi mu. Ó padà wá. Ó wo ẹ̀yìn Elvecia láti ibi tó wà, bó ṣe wọ́ nínú ìjókòó tó wọ́ bá a. Ó tún gbé ìfági lé e, ó tì í síwájú, ìrépé igi àkọ́kọ́ sì ká jáde, pupa, tínrín bí awọ àlùbọ́sà, ó bọ́ sílẹ̀.

Kò sáré ṣe é. Fífá díẹ̀, wíwọ̀n díẹ̀, ìsinmi púpọ̀. Ó ti gé páànù sí bí ìfì tuntun náà yóò ṣe rí, òun ló ń fi lé e wò níbi kọ̀ọ̀kan. Bó bá fá apá ọ̀tún, á ní láti fá apá òsì bákan náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò máa gbọ̀n lókè bí ẹni ibà ń ṣe. Á fi ọ̀pá irin kọ́ abẹ̀bẹ̀ náà láàárín, á máa wo apá tó wúwo jù tó ń rẹlẹ̀, á tún fá a. Alẹ́ a lẹ́, ẹ̀yìn òun náà á ti tẹ̀ bíi ti ìyàwó rẹ̀.

Rómulo yọ lẹ́nu àká lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó rí ìrépé igi nílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ ò bá nà mí lọ́dún yìí."

"Mo mọ̀."

"Tirakítọ̀ lẹ sọ ọ́ dà báyìí o."

"Tirakítọ̀ ló ń fa ẹrù, Rómulo."

Ọ̀rọ̀bọ̀ ṣí fìlà, ó fi kọ́ ìṣó, ó wá di òdìkejì abẹ̀bẹ̀ náà mú kó má baà yẹ̀ lórí tábìlì. Ó wà níbẹ̀ títí oòrùn fi wọ̀, kò sì ṣe àwàdà ju ẹyọ kan lọ, ìyẹn náà kò dùn.

Wọ́n tún so bàálù mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ kò mí. Elvecia ló wo abẹ́rẹ́. "Ó kan án," ló wí, "ó tiẹ̀ ré e kọjá bíńtín." Wọ́n de àpò àgbàdo mọ́ ìjókòó, Ovidio gbé e fò, ó sì gba orí wáyà iná kọjá. Nígbà tó balẹ̀, ó gbé àpò náà sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, Elvecia kò pe Isolina lórí tẹlifóònù, ó ti sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé àwọn ń bọ̀. Ó wọ aṣọ tó fi lọ sí ìgbéyàwó Graciela, ó di àkàrà òyìnbó kan sínú aṣọ, ó gbé e lé itan. Oòrùn ti mú kí wọ́n tó gbéra. Bàálù sáré, táyà funfun àkọ́kọ́ kọjá, kẹ̀kẹ́ sì kúrò nílẹ̀ wẹ́rẹ́ bí ẹni tó dìde lórí àga. Sóyà bọ́ sísàlẹ̀. Wáyà bọ́ sísàlẹ̀. Elvecia fi ọwọ́ di àkàrà mú, ó dijú, ó tún lajú.

"A ti wà lókè?"

"A ti wà lókè."

Wọn kò yára. Háà, wọn kò yára rárá! Ojú ọ̀nà ńlá wà nísàlẹ̀ wọn, ọkọ̀ akẹ́rù kan tó kó màlúù ń bọ̀ lẹ́yìn, ó bá wọn, ó wà lábẹ́ wọn díẹ̀, ó sì ré kọjá.

"Bàbá," Elvecia pariwo sí i létí, "màlúù ti yà wá sílẹ̀ o!"

"Jẹ́ kí wọ́n máa lọ. Ibi ìpẹran ni wọ́n ń kánjú lọ."

Elvecia rẹ́rìn-ín débi pé ẹ̀yìn dùn ún. Nígbà tí wọ́n fi máa dé orí odò, tí Paraná tẹ́ sílẹ̀ ní àwọ̀ amọ̀ pẹ̀lú erékùṣù rẹ̀ gbogbo, orí rẹ̀ ti fì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ti sùn. Gbogbo ọdún tó fi dúró de ọjọ́ yìí, ó sùn mọ́ ọn. Ovidio fẹ́ jí i kó wá wo odò, ó na ọwọ́, ó sì fà á padà. Ó mọ irú oorun yẹn. Ó ń ṣe òun náà.

Pápá Puerto Ceibal kò ju ibi tí ẹṣin ti ń jẹko lọ. Ọkùnrin kan tó ń tọ́jú ibẹ̀ lé àwọn ẹṣin kúrò, ó sì sáré tọ bàálù lọ bí abẹ̀bẹ̀ ti dúró. Ó yí i ká, ó wo ìyẹ́, ó wo imú, ó fọwọ́ pa aṣọ rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, bàbá! Ẹ̀yin lẹ kàn án? Kìlómítà mélòó ló ń sá?"

"Èèyàn méjì," Ovidio dáhùn.

"Rárá, kìlómítà ni mo bèèrè."

"Mo gbọ́, ọmọ mi."

Ó yí lọ sápá ọ̀tún, ó tú ìgbànú, ó gba ìyàwó rẹ̀ lábíyá, ó gbé e sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Lẹ́bàá ọgbà, lábẹ́ igi, àwọn aládùúgbò ti ti àga kan wá tó ní kẹ̀kẹ́, obìnrin kan tó gbẹ bí èèpo igi wà nínú rẹ̀, ó ti na ọwọ́ méjèèjì síwájú, kò sì gbé e sílẹ̀. Elvecia tún ìdè àkàrà rẹ̀ mú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, ó tẹ̀, ẹsẹ̀ kéékèèké, ẹsẹ̀ kéékèèké lórí koríko tí ẹṣin ti jẹ.

Ovidio wò ó títí ó fi débẹ̀. Lẹ́yìn náà ló jókòó sí abẹ́ ìyẹ́ bàálù, níbi òjìji, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó sì sinmi.